Bí a Ṣe Ń Tọ́jú Igi Àgbàlá Tí Àrùn Olú Ń Bá Jà

Ní Èkìtì, nǹkan bí oṣù kẹrin ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ títí wọ oṣù kẹwàá, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé olú àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ojú kò tó ń bá máńgòrò, ọsàn àti píà inú àgbàlá wa jà. Ohun tí ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí àrùn náà wà, nítorí pé èyí tí ń ṣe ewé àti èso gbọ́ oògùn, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ inú ìtí igi kò gbọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Bí ẹ bá rí olú líle tí ó yọ pẹrẹsẹ lára ìtí tàbí lórí gbòǹgbò, èso àrùn náà ni ẹ ń wò. Ara rẹ̀ gan-an ti tàn kálẹ̀ nínú igi, ó sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Bí a bá fi àdá gé olú náà dànù, àrùn kò kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà sí ìdí igi kàn ń ba ilẹ̀ jẹ́ lásán ni. Ẹ fi òòlù kan ìtí náà yípo: bí apá kan bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ti dihò. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá dúró ti òrùlé tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, mo bẹ yín, ẹ pe agégi tí ó mọṣẹ́ kí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó dé, kódà bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ojú ọgbẹ́ ni àrùn yìí sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe sun pàǹtírí nídìí igi, ẹ má fi àdá ṣá èèpo rẹ̀, ẹ má sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ bò ó. Ohun pẹrẹsẹ aláwọ̀ eérú tí ó lẹ̀ mọ́ èèpo igi ní tirẹ̀ kì í pa igi lára. Ẹ fi sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ewé máńgòrò ní àmì dúdú, tí òdòdó rẹ̀ ń dúdú tí ó sì ń rẹ̀ dànù, ẹ kó gbogbo ewé àti èso tí ó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sun wọ́n jìnnà sí igi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti kú àti èyí tí ó dí ara wọn, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀ka ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ́ díẹ̀ lábẹ́, kí ẹ tó gé e láti òkè, kí ó má baà fa èèpo ìtí ya.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn kàn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ oògùn kọ́pà dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń bá àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú jà, ẹ ó sì rí i ní ìsọ̀ oògùn oko ní Adó-Èkìtì. A lè po èyí tí àwọn ará Faransé ti ń fín sára àjàrà láti nǹkan bí ọdún 1885. Ẹ yọ́ 100 gíráàmù kọ́pà sọ́fétì aláwọ̀ aró nínú lítà 5 omi, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, nítorí pé ó máa ń jẹ irin. Ẹ po 100 gíráàmù láìmù (ẹfun lẹ́búlẹ́bú ni, kì í ṣe ọsàn) sínú lítà 5 omi mìíràn, kí ẹ wá máa da omi kọ́pà náà sórí ti láìmù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ẹ ki ìṣó tí ó mọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: bí ó bá pọ́n bíi bàbà, láìmù kò tíì tó, ẹ fi kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jó ewé.

Ọjọ́ tí ẹ bá pò ó ni kí ẹ fín in, nígbà tí òjò kò ṣú, kí òdòdó tó là, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí èso wẹ́wẹ́ bá ti so. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ojú, ẹ lé adìyẹ àti ọmọdé jìnnà, ẹ má ṣe da èyí tí ó kù sí ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí odò, kí ẹ sì fọ èso náà dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́.