Nígbà tí Iye tí A Wọ̀n fún Wúrà Kò Bá Ti Ìwé Mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ní yàrá ìwádìí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń wọn bí ó ti ṣeé ṣe tó kí kókó átọ̀mù wúrà gbé nútírọ́ọ̀nù (ẹyọ kékeré tí kò ní iná mànàmáná, tí ó máa ń wà nínú kókó átọ̀mù) mì kí ó sì di onítànṣán. Mo fi wúrà pẹlẹbẹ sínú páráfíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orísun nútírọ́ọ̀nù tí a fi americium àti beryllium ṣe, lẹ́yìn náà mo ka ìtànṣán gámà rẹ̀. Ìwé kọ 98.65 barn (barn ni ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó kí kókó átọ̀mù gbé nútírọ́ọ̀nù mì), ṣùgbọ́n tèmi ga jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Ẹ má tíì dá ẹ̀rọ yín lẹ́bi. Iye tí ìwé kọ kì í ṣe ti gbogbo nútírọ́ọ̀nù. Ti èyí tí ń sáré mítà 2,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.0253 eV (eV ni ìwọ̀n agbára àwọn ohun kékeré bẹ́ẹ̀). Nútírọ́ọ̀nù a máa jáde láti inú orísun yín pẹ̀lú agbára mílíọ̀nù eV mélòó kan, páráfíìnì a sì máa dín eré wọn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni eré wọn ti rọlẹ̀ tán kí wọ́n tó kan wúrà. Àwọn tí wọ́n bá kàn án nígbà tí agbára wọn wà ní nǹkan bí 4.9 eV ni ìṣòro yín, nítorí pé níbẹ̀ iye náà ju 20,000 barn lọ, díẹ̀ nínú wọn sì ti tó láti ba ìṣirò jẹ́.

Ẹ lo wúrà méjì tí wọ́n dọ́gba: kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìbò, kí ẹ sì fi cadmium, irin kan tí ó nípọn tó mìlímítà 1, bo èkejì yíká. Cadmium a máa gba àwọn tí agbára wọn kò tó nǹkan bí 0.5 eV, á sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ kọjá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye ìtànṣán tí ẹ kà lára wúrà méjèèjì ni ti àwọn tí eré wọn ti rọlẹ̀. Májèlé ni cadmium. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì fi iná sún mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Láti ara wúrà mìíràn ni mo ti ṣírò iye nútírọ́ọ̀nù tí ń kọjá. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró lórí rẹ̀. Láti ṣírò iye nútírọ́ọ̀nù lára wúrà, ẹ ti ní láti lo 98.65 yẹn kan náà, nítorí náà ohun tí ẹ ń wá ni ẹ ti fi síbẹ̀ ṣáájú. Ẹ lo manganese dípò rẹ̀, tí iye tirẹ̀ jẹ́ 13.3 barn, kí ẹ sì fi cadmium yẹ òun náà wò.

Ìbéèrè: Bí iye mi bá wá kéré jù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo bí wúrà yín ti nípọn tó. Èyí tí ó nípọn mìlímítà 0.1 a máa gbé nǹkan bí 6 mì nínú 100 nútírọ́ọ̀nù tí ó wọlé tààrà, nítorí náà àárín rẹ̀ kò rí iye tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ wo àkókò pẹ̀lú: ìtànṣán wúrà ń dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ 2.7, bí ẹ bá sì yọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ẹ kà á ní ọjọ́ Ajé, ohun tí ó kù kò tó ìdajì. Bí iná bá sì lọ tí ó padà, ẹ kọ́kọ́ fi ìtànṣán 662 keV (keV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún eV) ti cesium-137, ohun onítànṣán kan tí a mọ agbára ìtànṣán rẹ̀ dájú, yẹ ẹ̀rọ wò kí ẹ tó wá 412 keV ti wúrà.