Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ iye spíìdì tó ṣẹ́ kù fún yín lórí 4G àti 5G

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wo báà mẹ́rin lórí fóònù kẹ́ ẹ wá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa o, agbára sígínà nìkan nìyẹn ń sọ, kò sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ jọ ń pín òpó kan náà. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa gbogbo áàpù tó ń fa dátà lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí Speedtest, áàpù tó ń wọn spíìdì íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yan sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù náà ń bá pààrọ̀ dátà láti fi wọn spíìdì) tó wà nítòsí, ará Èkó kó yan ti Èkó, torí tẹ́ ẹ bá yan ti London, ọ̀nà jíjìn yẹn náà á wọ inú ìṣirò.

Ẹ̀ẹ̀kan ò tó rárá! Ẹ ṣe é ní kùtùkùtù, ẹ tún ṣe é ní aago 9 alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń wo fídíò, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó bọ́ sáàárín.

Ìdánwò yìí ń jẹ dátà ṣá o, ní 100 Mbps (mílíọ̀nù bit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, 125 MB ti lọ, torí bit 8 ló ń di byte 1. Síbẹ̀ ẹ má torí ìyẹn dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, TCP, ìlànà tí wọ́n fi ń fi dátà ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni kó tó sáré, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí á kéré ju òótọ́ lọ.