ED ẹlẹ́ẹ̀kejì: ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí

Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, fóònù mi kì í sinmi. Ọmọ tó kọ Early Decision (ED), ìyẹn kíkọ̀wé ṣáájú sí fásitì kan ṣoṣo pẹ̀lú àdéhùn pé ibẹ̀ ló máa lọ bí wọ́n bá gbà á, sí fásitì Amẹ́ríkà ti gba èsì tí kò dùn, àwọn òbí ẹ̀ wá gbọ́ pé ED ẹlẹ́ẹ̀kejì wà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́dọọdún.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?
Ọjọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń parí ní oṣù Kọkànlá, èsì á jáde ní àárín oṣù Kejìlá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ń parí ní oṣù Kìíní, èsì á dé ní oṣù Kejì. Àdéhùn ò yàtọ̀: bí wọ́n bá gba ọmọ, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ṣé Harvard ń ṣe é?
Rárá. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́jọ Ivy League (ẹgbẹ́ fásitì ńlá Amẹ́ríkà tí Harvard wà nínú ẹ̀) tó ń ṣe é. Vanderbilt, Emory, NYU àti Swarthmore wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Ibi tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ò gbà á, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó dúró. Ṣé àdéhùn yẹn ṣì dè é?
Kò dè é mọ́. Ó lè kọ ED ẹlẹ́ẹ̀kejì síbòmíì.

Ká kọ ED sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?
Ẹ má dán an wò.

Owó ńkọ́?
Bí ẹ bá fẹ́ kó owó ìrànwọ́ fásitì mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ yan èyí tó pọ̀ jù, ED kì í ṣe tiyín. Bí owó tí wọ́n fún yín ò bá ká a, ẹ lè yọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti béèrè ìrànwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fásitì kì í jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè béèrè lẹ́yìn tó bá wọlé tán. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó fásitì gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ yín tí wọ́n ń ṣèlérí àyè sílẹ̀.

A ti ṣe gbogbo ẹ̀, àdéhùn ò pé síbẹ̀. Kí ló dé?
Háà, èyí! Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́ lu àdéhùn náà: ọmọ, òbí, àti kánsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́ (olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́). Ọmọbìnrin kan tí mo ràn lọ́wọ́ l'Ábẹ́òkúta yí tirẹ̀ sí ED ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn Kérésìmesì. Òun àti ìyá ẹ̀ buwọ́ lù ú kíá. Ti ilé ẹ̀kọ́ ò wọlé. A rán an títí, kánsẹ́lọ̀ ń búra pé òun ò rí nǹkan kan. Àṣé ímeèlì ọ́fíìsì ni ọmọ kọ sílẹ̀ fún kánsẹ́lọ̀, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, akọ̀wé tó mọ pásíwọ́ọ̀dù ti lọ sílé l'Ékìtì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ẹ̀! Mo ní kí ọmọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé fásitì náà, kó ṣàlàyé ìsinmi. Wọ́n ní kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, àwọn á dúró de ti ilé ẹ̀kọ́. Akọ̀wé fi kọ́kọ́rọ́ rán awakọ̀ kan, kánsẹ́lọ̀ wọlé, ó buwọ́ lù ú.

Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ tó pa ní oṣù Kejìlá, ẹ gba nọ́ńbà kánsẹ́lọ̀, kí ẹ sì bi í pé ímeèlì wo ló ń ṣí lórí fóònù ara ẹ̀.