Ilé ìgbà díẹ̀ ní Àjàṣẹ́: ibi tí owó yín ń gbà lọ

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí ilé ìgbà díẹ̀ fún ìdílé tí kò ríbi sùn ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwòrán ilé ló kọ́kọ́ máa ń tẹ́ síwájú mi. Yàrá mẹ́wàá, táìlì, ọ̀dà funfun. Màá bi í pé, "Báwo ni àwọn ìdílé yìí ṣe máa jáde níbẹ̀ lọ sí ilé tiwọn?" Kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ mí ní Bàbá Ìjáde nítorí ìbéèrè yìí, orúkọ tí kò yẹ kí wọ́n máa pe ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun bí tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí irú ilé yìí, ìkíní: ẹ má kọ́lé. Ẹ háyà yàrá mẹ́ta mẹ́rin nínú agbo ilé tí èèyàn ń gbé. Ó tán.

Èkejì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa san nǹkan lóṣooṣù, kí owó náà sì wà lórúkọ tiwọn, kó má wà nínú àpótí kọmití yín. Òun ni wọ́n máa fi gba yàrá tiwọn bí wọ́n bá ń jáde. Òfin ilé gbígbé ní Bẹ̀nẹ̀ sọ pé onílé ò gbọ́dọ̀ gba ju owó oṣù mẹ́ta lọ sílẹ̀. Bí yàrá bá jẹ́ 10,000 fráǹkì lóṣù, 30,000 nìyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú 5,000 á kó o jọ láàárín oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀ mo ń rí àwọn tó ń báni san owó oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́jọ, torí pé onílé ní bẹ́ẹ̀ lòun ń gbà á. Ẹ ń ba ọjà jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta: ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ìwé ìdánimọ̀ lọ́dọ̀ ANIP, àjọ ìjọba tó ń rí sí i, àti ìwé ìbí àwọn ọmọ.

Wàyí o, ibi tí ẹ ń fi ilé sí. Àwọn kan wà, n ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n rí ilẹ̀ pọ́ọ́kú gbà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọlọ́kadà zẹ́m kì í fẹ́ dé bí òjò bá rọ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ dára, n ò ní purọ́. Wọ́n wá kó obìnrin alákàrà kan tó ń tà ní Ouando, ọjà ńlá Àjàṣẹ́, lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ dé ìdí agbada: 500 lílọ, 500 bíbọ̀, ike ẹ̀wà lílọ̀ lórí itan. Ọjọ́ tí ọjà bá yá, èrè rẹ̀ ò ju 1,500 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà, ti gbówó lórí, owó zẹ́m sì tẹ̀ lé e.

Owó nìkan sì kọ́. Alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, Ouando ló wà. Ìyá aláta tó ń bá a wo ọmọ kékeré, Ouando ni. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún un láwìn, Ouando náà ni. Nígbà tó yá, obìnrin yìí di ẹrù rẹ̀, ó lọ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àbúrò ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ilé yẹn dáa, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ táìlì." Alága wọn ní aláìmoore ni. Èmi ní kí alága gun zẹ́m lọ sí Ouando láago mẹ́rin ìdájí fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi owó ara rẹ̀ san án. A ò tíì kíra wa láti ìgbà náà.

Kí ẹ tó sanwó yàrá kankan, ẹ bá ìyá ọmọ fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tó ti ń tajà. Bí ẹsẹ̀ ò bá gbé e, ẹ fi yàrá yẹn sílẹ̀.

Àwọn yòókù, n ò ka iye wọn mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ máa ń fẹ́ rà fún àwọn obìnrin: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi obìnrin kọ̀ọ̀kan ohun tó mọ̀ ọ́n tà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má ti géètì láago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́ ẹni tó ń din ẹja títí di mẹ́wàá. Ẹ má gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí Facebook. Àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ ń rí i. Opó tí ẹbí ọkọ lé jáde, ẹ fún un ní yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kí ẹ ti bi í bóyá lọ́dọ̀ méérì, ìyẹn lábẹ́ òfin ìjọba, ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ìdílé ọdún 2004 kà á mọ́ àwọn tó lè jogún ọkọ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ní ẹ̀tọ́ sí ilé tí wọ́n ti lé e.

Bí wọ́n bá sì ti kó lọ sí yàrá tiwọn, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Oṣù kẹsàn-án, tí ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, ni kí ẹ yà lọ wò wọ́n. Ìwé, báàgì àti aṣọ kakí ọmọ mẹ́ta ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó yàrá ló sì máa ń kọ́kọ́ fò.