Bí a ṣe fi ìkọlù orí kọ̀ǹpútà tó ìjọba létí l'Óṣogbo

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo fáìlì wa ti yí orúkọ padà, wọ́n sì ń bèèrè owó." Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Òkè-Fìà ló pè mí. Mo ní kó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kó má pa kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀rí tó wà nínú mẹ́mórì máa ń pòórá tí ẹ̀rọ bá ti kú. Iná ti lọ kí n tó débẹ̀, UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, ti ń ké. Jẹnẹrétọ̀ la kọ́kọ́ sáré tàn.

Mo fi fóònù ya ìwé ìhàlẹ̀ tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ, mo kọ aago tí akọ̀wé rí i sílẹ̀, mo sì da àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé sórí ẹ̀rọ kọ sínú fláàṣì tuntun.

Bàbá alága ò fẹ́ kó jáde. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá kó owó wọn lọ ni? Jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀." Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣí òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 hàn wọ́n, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Abala 21 ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe ìjọba tàbí aládàáni: kí ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, gbọ́ láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ 7 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, mílíọ̀nù 2 náírà ni ìtanràn, wọ́n sì lè já íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní àwọn rò pé tàwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Lóòótọ́, òfin náà le sí i níbi àwọn ẹ̀rọ tí Ààrẹ bá kéde pé orílẹ̀-èdè gbára lé, bí òpó àti wáyà fáíbà tẹlifóònù tí wọ́n kéde ní 2024. Ẹni tó bá kọlù wọ́n, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni, kò lè fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fara pa gan-an, ọdún 15. Bí ẹ̀mí bá bọ́, ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n olè tó ń kọlù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwa kéékèèké ló ti ń dánra wò, ìdákẹ́jẹ́ wa ló sì fi ń rìn. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ìgbà náà ni alága ní kí n máa kọ ìwé sí ngCERT. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tó kàn, ohun tí a ti ṣe. Mi ò dárúkọ ẹni tí a fura sí. Nítorí pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, a kọ òmíràn sí àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, gẹ́gẹ́ bí òfin 2023 ṣe wí. Wákàtí 72 náà ni.

Alága fọwọ́ sí méjèèjì. Ẹ̀yìn ìgbà tí a fi wọ́n ránṣẹ́ la tó nu ẹ̀rọ mọ́, a da fáìlì padà láti inú ẹ̀dà tí akọ̀wé máa ń gbé lọ sílé ní gbogbo Jímọ̀. Olè ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.