Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Kún Kì Í Ṣe Iṣan: Àṣìṣe Tí A Ń Ṣe Lórí Ẹran Ara Wa

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 kan wá bá mi nílé wa nítòsí Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ara mi, àfi bíi pé làkúrègbé fẹ́ mú mi." Ojú rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń dán. Mo ní kó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń dáná, kó sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Kò lè dìde. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó tún di ògiri mú kó tó gbéra. Igbá láfún tó máa ń dá gbé rù tẹ́lẹ̀, ó ní ẹlòmíì ló ń bá òun gbé e báyìí.

"Kí lò ń lò?"

"Kò sí o, Mà."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó tú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú báàgì. Dexamethasone àti cyproheptadine ni wọ́n dì pọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní oògùn ìsanra ni. Oṣù mẹ́ta ló ti ń gbé e mì.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, èyí ló burú jù. Dexamethasone ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, họ́mọ́ọ̀nù tí ara ń tú jáde nígbà àìsàn àti ìpayà. Ohun tí cortisol ń kéde nínú ara ni pé ìyàn ti dé, ẹ tú àká. Iṣan, ìyẹn ẹran ara tí a fi ń rìn tí a fi ń gbé nǹkan, jẹ́ ọ̀kan nínú àká ńlá tí ara ní. Wọ́n á tú purotéènì inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ṣúgà. Níbi tí èyí ti ń lọ lọ́wọ́, omi á máa dúró sí ara, ọ̀rá á máa kó jọ sí ojú, sí ẹ̀yìn ọrùn àti ikùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni dígí ń fi hàn wá. Lábẹ́ aṣọ, itan àti èjìká ń joro, torí iṣan tó súnmọ́ ìbàdí àti èjìká ni oògùn yìí máa ń jẹ jù. Cyproheptadine ní tirẹ̀, oògùn ara yíyún ni. Ó ń kunni lóorun, ó ń mú oúnjẹ wuni jẹ, kò mọ iṣan kankan.

Bí ẹ bá sì ti lo dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a sílẹ̀ lójijì. Ara ti fi ṣíṣe cortisol tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà lè dákú, ó tilẹ̀ lè kú. Dókítà ni kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni ara ń mọ iṣan, ojoojúmọ́ náà ló ń wó o, bí ògiri amọ̀ tí òjò ń pa tí onílé sì ń rẹ́. Iṣẹ́ tí a fi iṣan ṣe, purotéènì tí a jẹ, àti àwọn họ́mọ́ọ̀nù ló ń pinnu èyí tó máa borí. Ara kì í bọ́ iṣan tí kò níṣẹ́, torí iṣan ń jẹun. Ó tilẹ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, myostatin, tí iṣan fúnra rẹ̀ ń ṣe kó má bàa pọ̀ jù. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ àbùdá tó ń ṣe é kúrò lára eku, iṣan eku náà sì di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí i pé bíréèkì yìí ló bàjẹ́ lára àwọn màlúù Belgian Blue tí ìdí wọn rí gbọ̀ǹgbọ̀. Bí ọ̀kan bá gba ọjà wa kọjá, àwọn alápatà á ti máa ṣírò owó.

Àwọn ọmọ Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbí, tó ń lọ sí jíìmù, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn: ẹ̀yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹ bá sinmi tí ẹ sùn, ni mímọ náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, kí iṣan rẹ̀ lè yọ, ọpọlọ rẹ̀ á rò pé ó ti tó, kóró ẹpọ̀n á sì ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ó kù tèmi. Màmá mi yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ kàn wú ni, eegun ò ṣẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! "Ẹ jẹ́ n fọ abọ́ mi." "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Bẹ́ẹ̀ mo ti kà á pé ní 2007, àwọn àgbàlagbà tára wọn le, tí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré, pàdánù nǹkan bíi kílò kan lára ẹran ẹsẹ̀ wọn. Oúnjẹ Màmá náà tún wá di ògì láàárọ̀, láfún àti ewédú lálẹ́. Ẹran ń há sí wọn léyín, a bá pín in fáwọn ọmọ. Àgbàlagbà ló sì nílò purotéènì jù, nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Bí kíndìnrín kò bá ní àrùn, ẹ fún wọn ní wàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń rù láìsí ìdí, ẹ má kọ́kọ́ wá ọ̀tá rẹ̀ kiri. Ẹ lọ yẹ àtọ̀gbẹ, ikọ́ àwúbì àti kòkòrò HIV wò.

Màmá bẹ̀rẹ̀ láti orí àga gíga: dìde, jókòó, ìgbà márùn-ún láàárọ̀, ìgbà márùn-ún lálẹ́. A gbé ẹyin kún ògì. Ní oṣù kẹta wọ́n padà sórí àpótí, wọ́n ṣa ewédú tán, wọ́n sì dìde fúnra wọn. Mo nawọ́ láti dì wọ́n mú. Wọ́n ní kí n gbọ́wọ́ mi kúrò, kí n lọ wá ìjábẹ̀.