Bí mo ṣe kọ orúkọ mi mọ́ ẹjọ́ owó wákàtí tí wọn ò san fún wa

Ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí la ń wọlé, aago méjìlá ọ̀sán ló yẹ ká jáde. Ohun tí wọ́n bá mi sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí nìyẹn, òun náà ló sì wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì: ẹni tó bá ṣe ju aago méjìlá lọ, 300 náírà ni wákàtí kan. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń kó búrẹ́dì lọ sí Òkè-Ògùn kì í dé bọ̀rọ̀. Ó lè di aago méjì, ó lè di mẹ́ta, a ò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kẹ́rù tán. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ṣe é, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí wákàtí wọ̀nyẹn. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní ká ṣe sùúrù, ọjà ò tà.

Ìwé àjọ ló gbà mí. Èmi ni mo ń gba àjọ láàárín àwa òṣìṣẹ́, ìwé náà kì í kúrò nínú báàgì mi. Ọmọ mi kékeré wà lọ́wọ́ ìyá kan ní àdúgbò wa, aago méjìlá àbọ̀ ni àdéhùn wa pé màá wá gbé e. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń pẹ́ lójoojúmọ́, ni mo bá ń kọ aago tí mo jáde sí ẹ̀yìn ìwé àjọ náà, pé lọ́jọ́ tí owó bá dé, màá mọ iye ọjọ́ tí mo jẹ ìyá yẹn. Oṣù mọ́kànlá ni mo kọ ọ́. Mi ò ro ti kóòtù rárá nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń po ìyẹ̀fun ló sọ fún mi pé àwọn mẹ́fà ti lọ rí lọ́yà kan ní Tákíè. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo délé sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé ìlú yìí kéré, ta ni yóò tún gbà mí síṣẹ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi dá ẹ̀gbọ́n tó ń po ìyẹ̀fun lóhùn. Lọ́jọ́ kan mọ́tò ò dé títí di aago mẹ́rin kọjá, mo débẹ̀ bá ọmọ mi tó ti sunkún sùn. Ọjọ́ kejì ni mo lọ.

Lọ́yà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, màmá ló ń pè mí. Ó mú Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà wá, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Abala 13 sọ pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò sí, èyí tó bá lé e ni ófátáìmù. Òfin náà ò dárúkọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un. Ìdí nìyẹn tí bébà ara ògiri yẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló dárúkọ 300 náírà. Ó tún kà á fún mi pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan sinmi. Àwa kì í rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pé kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀, ní abala 7. Kò sẹ́ni tó fún wa níwèé kankan. Mo béèrè nípa 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba kéde lọ́dún 2024. Ó ní òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, mẹ́tàdínlógún sì ni wá, ká má fi í kún un.

Mo rò pé ẹnì kan ni yóò kàn dúró fún gbogbo wa. Ó ní rárá, pé àdéhùn iṣẹ́ jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n lè torí rẹ̀ da ẹjọ́ nù tí ẹnì kan bá pè é lórúkọ àwọn yòókù. Olúkúlùkù ni orúkọ rẹ̀ máa wà níwájú ìwé, olúkúlùkù ni yóò sì ka wákàtí tirẹ̀. Ibí yìí niṣẹ́ wà. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi jókòó sí iwájú ilé ẹ̀gbọ́n tó ń po ìyẹ̀fun tá à ń ka ọjọ́. Ẹlòmíràn fi ìwé géètì rántí, ẹlòmíràn ò ní nǹkan kan bí kò ṣe ohun tó wà lórí rẹ̀. Lọ́yà ò gba "bí ọgọ́rùn-ún wákàtí". Ó fẹ́ déètì. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn ìwé àjọ mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín?" Ọjọ́ 248, wákàtí 612. Owó rẹ̀ jẹ́ 183,600 náírà.

Ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Láàárín ọjọ́ méjì, bébà ara ògiri ti kúrò. Orí mi fò. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tó ń kó pánù ti fi fóònù ya bébà náà nígbà kan, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ń wáṣẹ́. Àwòrán fóònù kì í ṣàdédé wọ kóòtù o. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí nǹkan ti jáde. Ọmọbìnrin náà buwọ́ lu tirẹ̀, pé fóònù òun ni, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Àwa méjìlá la buwọ́ lùwé. Ẹnì kan yọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi ipò súpáfáísọ̀ lọ̀ ọ́. Mi ò bínú sí i, ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́. A dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún fún owó kóòtù àti ọkọ̀, lọ́yà ní tiẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó bá wọlé.

Ìbàdàn ni ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ wa wà. Ìdájí la gbéra, a gba Ọ̀yọ́ kọjá. Ìwé ìpẹ̀jọ́ nìkan kọ́ la fi sílẹ̀: àlàyé ọ̀rọ̀, orúkọ ẹlẹ́rìí, ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan búra lé lórí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé, pẹ̀lú ẹ̀yìn ìwé àjọ mi. Nígbà tí ọ̀gá wa rí i pé a ní àwòrán bébà yẹn lọ́wọ́, lọ́yà tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù sílẹ̀. Wọ́n kọ ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Ẹni tó ní déètì gba gbogbo tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pín in san. Àwọn méjì tí ò ní àkọsílẹ̀ gba ìdajì, èyí ṣì ń dùn mí, nítorí a jọ dúró ni.

61,200 náírà tó kẹ́yìn wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo yọ ti lọ́yà, mo mú nínú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń bá mi tọ́jú ọmọ, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé àjọ náà fún un. Kò mọ̀wé. Mo ka ọjọ́ 248 náà sókè fún un, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, ó jókòó, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin.